Ọwọ́ Ọ̀tún Mi àti Pépà Ọkọ Mi

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sín ìrìn yín jẹ ńkọ́? Ara mi ti ń yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí àyà yín má baà já.

Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáadáa. Lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, tí ẹ ní ó dà bí ìgbà tí adìyẹ tẹ tàdáwà, tí mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ọkọ mi ti fi ilẹ̀kùn fọ́ ti ọ̀tún.

Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì pariwo.

Ẹ mọ̀ pé ó ti di ọdún kẹta tí a ti ń retí pépà ìgbélùú gbére ọkọ mi nílùú òyìnbó níbí. Èmi ti ní tèmi, èmi náà ni mo sì dúró fún un gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Títí pépà náà yóò fi dé, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀ ló wá ń jókòó sẹ́nu fèrèsé láti àárọ̀, tó ń ṣọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà. Bí ẹni yẹn bá kọjá láìyà sílé wa, èmi ni màá jìyà ẹ̀. Ìgbátí ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé àga là mọ́ mi lẹ́yìn. Ẹ mọ̀ mí, èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́: mo gé e jẹ léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi bo eyín mi. Àmọ́ mi ò pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní bí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ọlọ́pàá, pépà ti kú nìyẹn. Mo ní kí pépà dé ná, ara rẹ̀ á balẹ̀, á padà di ọkọ mi. Ojú sì ń tì mí láti sọ fún yín, torí ẹ ti kìlọ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì tó ń fúnni ní pépà náà. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló kà, níbi tí wọ́n ti ní ìpinnu ò tíì parí. Ló bá fò dìde! Ó ní èmi ni mo ń fa ọwọ́ aago òun sẹ́yìn, pé mo fẹ́ kí òun máa jẹun lọ́wọ́ mi títí ayé. Mo fẹ́ sá jáde, mo di etí ilẹ̀kùn mú, ló bá gbá a mọ́ ọwọ́ mi. Mo ké. Ó ṣí i, ó tún gbá a. Mo gbọ́ tí egungun ró.

Ìgbà tí mo wà nílẹ̀ ló tó ka lẹ́tà náà tán. Ohun tó kù níbẹ̀ ni pé kí àwa méjèèjì wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí ìyàwó buwọ́ lùwé lójú òṣìṣẹ́ wọn, kí ìbuwọ́lùwé náà sì bá èyí tó wà nínú fáìlì mu. Ó wo lẹ́tà, ó wo ọwọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Èmi òpònú rò pé èmi ló ń sunkún fún.

Mo sọ fún wọn ní ọsíbítù pé atẹ́gùn ló gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ náà, háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ìtọ́jú! Ó ń fi òróró ra á, ó ń bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Níbi iṣẹ́ ìfọṣọ mi, ọwọ́ kan àti àgbọ̀n ni mo fi ń ká aṣọ ibùsùn. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, á ki bírò bọ̀ mí lọ́wọ́: "Tún un kọ, ìyá mi." Bí ìbuwọ́lùwé náà bá wọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n. Lọ́jọ́ tí bírò já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sọ abọ́ lù mí lórí, orí bẹ́. Ó ní kí n dúpẹ́ pé orí ni, kì í ṣe ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi mọ́.

Lánàá la lọ sí ọ́fíìsì náà. Obìnrin onígíláàsì kan ló dá wa lóhùn. Ọkọ mi wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi obìnrin náà bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí ìwé náà kí n tó buwọ́ lù ú. Ó ní kò burú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ọkọ mi ló fi ilẹ̀kùn fọ́ ọwọ́ yìí, pé mi ò dúró fún un mọ́. Mo buwọ́ lù ú.

Ọkọ mi ti ẹ̀yìn mi kà á. Ó gbá irun mi mú, ó la orí mi mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó já mi gbà. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ, ó ń pariwo pé ìbuwọ́lùwé yẹn kì í ṣe tèmi, kí wọ́n wò ó dáadáa. Obìnrin onígíláàsì ṣí fáìlì, ó fi méjèèjì síra wọn. Ẹ̀jẹ̀ imú mi ti kán sí etí ìwé náà. Ó ní wọ́n bára mu régí.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wa ni mo wà báyìí. Bí ọkùnrin yẹn bá pè yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ. Ẹ rọra sọ fún màmá wa, ẹ má mẹ́nu ba ti ẹ̀jẹ̀.

Bí wọ́n bá bi yín pé báwo ni ìbuwọ́lùwé mi ṣe gún tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní ọkọ mi ló kọ́ mi.

Èmi ni àbúrò yín, tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ èyí,

Ata Wẹẹrẹ