Ìjọ Aláṣọ Dúdú ti Rumuodara

Ayọ̀fẹ́mi ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òjò Pọtakọ́tì ti wá ń jẹ́ kí aṣọ yín gbẹ báyìí? Ọlọ́run tó mú mi délé láyọ̀ nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan jẹ bọ̀lì, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà Alesa tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ Àǹtí Mùnírátù bí ìbejì, Àǹtí kò sì jẹ́ ká rímú mí, àfi bíi pé òun gan-an ló rọbí.

Ọmọ mi, nígbà tí mo ṣàdédé yọ sí ọ ní Rumuodara lójọ́sí, mo ní àárò rẹ ló ń sọ mí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Serifat ọmọ Àsàmáù tó sìnrú ìlú lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ló wálé, tó ní òun rí ọ ní Eneka, pé aṣọ dúdú lo wọ̀, o kun èékánná rẹ ní dúdú, o sì sọ fún òun pé ìpàdé ẹgbẹ́ yín lò ń lọ. Ẹgbẹ́! Ní Pọtakọ́tì! Bàbá rẹ gbé oúnjẹ tì. Ó lọ bá Alàgbà Clement pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìjọ, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè ọ́ ní ọmọ yẹn. Èmi ra òróró àdúrà, mo so ó mọ́ etí ìró mi, mo wọkọ̀.

Nígbà tí mo rí èékánná rẹ, mo bi ọ́ bóyá ilẹ̀kùn ló há gbogbo ìka náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan òróró etí ìró mi. Ìgbà tó wá di Sátidé tí wọ́n pè ọ́ níbi iṣẹ́ pé ẹ̀rọ kan bàjẹ́, tí o ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀, kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo ní Ọlọ́run ti dáhùn, ọwọ́ mi máa tẹ̀ wọ́n lónìí.

Chioma ló kọ́kọ́ wọlé. Ó fá apá kan orí, ó fi apá kejì sílẹ̀, òrùka ń bẹ nímú, ètè dúdú bí ẹni mu yíǹkì. Tìmí tẹ̀lé e, ṣéènì lọ́rùn, egungun orí òkú láyà aṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní ẹ kú ọ̀fọ̀ mà. Ẹ̀yìn ìgbà tó sọ fún mi pé Pọtakọ́tì ni wọ́n bí òun sí ni mo mọ̀ pé ẹ kú ilé ló fẹ́ sọ. Wọ́n bá mi ra bọ̀lì àti ẹja. Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé àwọn náà ń jẹ ẹ́, tí kò sí ẹni tó ṣubú, mo já ààwẹ̀ mi.

Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, kálukú di páàdì tí wọ́n fi ń ta géèmù mú. Chioma bá bi Tìmí pé ṣé ó ti séèfù, torí ìjà tó ń bọ̀ yìí, ẹni tí kò bá séèfù, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló máa padà sí. Ayọ̀fẹ́mi, ẹ̀rù bà mí. Láti ọdún tí Alàgbà Clement ti ń bi wá bóyá a ti rí ìgbàlà, kò fi irú ojú yẹn bi wá rí.

Lẹ́yìn náà ni Sàtánì yọ, pẹ̀lú ìwo, tó ń pọ iná. Ó na Tìmí pa. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, ó ní òun ti kú o. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde láti ara ògiri, wọ́n ní Aaliyah ni, pé Kàdúná ló wà, ó ń pariwo pé kí wọ́n jí i, kí wọ́n jí i kíá. Chioma tẹ nǹkan, ìmọ́lẹ̀ bọ́ lé e lórí, ó dìde! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa àjíǹde, n kò rí i rí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti pé kí ẹni tó jíǹde tún máa jẹ ẹja rẹ̀ nìṣó.

Bí Sàtánì ṣe tún yọjú, n kò lè mú un mọ́ra. Mo tú òróró, mo dà á sí Chioma lọ́wọ́ kí agbára lè pọ̀ sí i. Páàdì yọ̀, ó fò bọ́ sábẹ́ àga. Gbogbo wọn kú, títí kan Aaliyah tó wà ní Kàdúná. Nítorí náà, bí páàdì rẹ bá ń yọ̀ lọ́wọ́ títí di òní, ìyàsímímọ́ ni, má nù ún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àfi bí ẹ̀rín Chioma ṣe di ẹkún, tí tìróò ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní màmá òun ló máa ń fi òróró pa òun lọ́wọ́ bí òun bá fẹ́ ṣe ìdánwò. Pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ìsìn ìrántí màmá náà, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní irú orí yẹn kò lè wọlé, òun bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ lòun ti gbọ́ ìsìn ìyá òun. Kò lọ mọ́ láti ìgbà náà. Ó ní nígbà tí òun ṣàìsàn, ìwọ àti Tìmí lẹ ń pààrọ̀ ara yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn òun ní ọsibítù, pé Aaliyah tí kò rí òun sójú rí máa ń pè bó bá jí jẹ sààrì láàwẹ̀, kó lè rán òun létí oògùn.

Mo jókòó, mo ronú. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ dá, ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá kí mi, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ iṣu mi, wọ́n lọ. Àwọn aláṣọ funfun ń wọ funfun, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n ní ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀yin mú dúdú torí kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ẹ ń pàdé, ẹ ń bẹ aláìsàn wò, ẹ ń bá Sàtánì jà, ẹ ń bi ara yín nípa ìgbàlà. Kí ló kù? Igbá ọrẹ ni mo rò pé kò sí, Tìmí ní àwọn ń dá owó dátà.

Bí mo ṣe délé, mo bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Alàgbà Clement rò pé màá ní a ti tú ọ sílẹ̀. Mo ní mo fojú mi rí ọmọbìnrin kan, Chioma, tó jí òkú. Ṣọ́ọ̀ṣì pariwo. Mo fẹ́ ṣàlàyé páàdì, akọrin ti gba orin. Bàbá rẹ dìde láàárín èrò, ó ní Ayọ̀fẹ́mi ọmọ òun ló wà nídìí iṣẹ́ Olúwa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ó pe orúkọ rẹ. N kò wá ṣàlàyé mọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé alàgbà ti tẹ ìwé ìsọjí. Wòlíìbìnrin Chioma láti Pọtakọ́tì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Alhaji aládùúgbò wa pàápàá. Mo sọ fún un nípa orí àti òrùka imú, ó ní Jòhánù Onítẹ̀bọmi, aṣọ irun ràkúnmí ló wọ̀. Mo jẹ́ kó búra pé ẹnu ọ̀nà kò ní dí mọ́ Chioma. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá. Kó má jí ẹnikẹ́ni, kó kàn jókòó níwájú lọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá gbé òkú wá, màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ òun àti Tìmí ránṣẹ́, fi ti ọbẹ̀ kún un, kí ojú má tì mí. Fi ti páàdì kan kún un pẹ̀lú: bàbá rẹ ń béèrè bóyá ẹni tí làkúrègbé ń bá jà níka lè dì í mú, àti bóyá Sàtánì yẹn máa ń wá lọ́jọ́ Sunday, torí òun kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.

Ọlọ́run á fún ọ lẹ́ni tí yóò dúró tì ọ́ bó bá rẹ̀ ọ́. Á pa yín mọ́ fún ara yín, ìwọ àti gbogbo ohùn tí n kò mojú wọn, ti Kàdúná àti ibikíbi tí wọ́n bá wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ.