Aláròyé Ti Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mò ń tẹ èyí láìgbọ́ ohun tí mò ń tẹ̀. Àfọwọ́fà ni. Ẹ́dítọ̀ tí mo fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní àtúnṣe tuntun ti dé, ṣé kí òun gbé e wọlé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá pa Aláròyé lẹ́nu mọ́ — pákéèjì tó máa ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí mi létí látìgbà tí ojú mi ti fọ́. Mo máa ń bú u pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Kó wá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Mo tún Aláròyé gbé wọlé. Kò gbà. Abẹ́rẹ́ — ìyàwó mi, aránṣọ — bá mi wo àṣìṣe tó yọ. Ó ní ó pupa. Ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹyọ kan. Aláròyé ti gbó, òun àti ẹ́dítọ̀ tuntun ò bára mu mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ní ká dá ẹ́dítọ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀ — wọ́n ti kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo ní ká fipá gbé Aláròyé wọlé — ó ní àfi kí pákéèjì kan ṣáájú òun. Ìyẹn náà ń bèèrè òmíràn. Òmíràn ọ̀hún ò sí níbì kankan. Abẹ́rẹ́ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán. Fóònù rẹ̀ ń dún ṣáá. Ó ní àwọn oníbàárà ni, kí n má dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Omi inú apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo làálàá òní.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta
Ẹni tó ṣe Aláròyé fèsì sí ìwé tí a kọ sí i. Ó kí mi pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ òun. Mo sunkún. Abẹ́rẹ́ ló ka èsì náà fún mi, ibo ni mo fẹ́ fojú pa mọ́ sí?

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
Ọ̀gá pè. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó máa ń fọ̀wọ̀ wọ̀ mí. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí o. Ṣé ẹ ò rẹ́ni máa kà á fún yín ni?"
Títì ni o, báńkì ni o, Abẹ́rẹ́ ló ń fà mí lọ́wọ́ lọ. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mò ń dá ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta
Wọ́n gbé nǹkan wúwo wọ pálọ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ ti dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Inú bí mi, mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. "Bí mo bá ń rán tèmi, màá máa ka tiyín. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta
Àárọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ó kà, mo tẹ̀, ó tún kà. Ohùn rẹ̀ há kó tó dọ̀sán, kò gbà ká sinmi. Iṣẹ́ lọ dáadáa. Ọ̀gá ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.
Ilẹ̀ ti ṣú báyìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò dún lẹ́ẹ̀kan láti àárọ̀.