Èémí Mi Lọ́wọ́ Àwọn Oníná

Ọjọ́ Ajé, 12/10/98

Ìyàwó mi, Ìbílọlá, ti gba Ìbàdàn lọ láàárọ̀ yìí. Tòkunbọ̀ ọmọ wa ti bímọ — ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá àgbà? Mi ò lè ní kó má lọ. Ọkùnrin wo ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde? Ó wà lẹ́nu mi ṣá. Mo gbé e mì.

Ìbí nìkan ló mọ ìṣe Erin. Erin ni mo sọ ẹ̀rọ tí àbúrò mi Olúyọmí rà fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá. Dókítà ibẹ̀ ló wò mí sùn mọ́jú, tó ní bí mo bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun mi á pa dé, èémí á dúró, àfi ìgbà tí ara bá ta gìrì. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sùn láìlò ó mọ́. Rọ́bà gígùn kan wà lára rẹ̀ bí imú erin, òun ló ń gba inú ìbòjú kan fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú. Ohun tí dókítà ò mọ̀ ni pé iná ni Erin ń jẹ, ebi sì ń pa á ní Ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìgúnpá Ìbí ló kù. Á gún mi níhàá, èmi á mí.

Ó ti ránṣẹ́ sí ìyá mi lóko Ìjàgbà kí ó wá máa se oúnjẹ fún mi. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún o. Wọ́n gba alágbàtọ́ fún mi.

Ọjọ́rú, 14/10

Yèyé ti dé. Iṣu, ata gbígbẹ, ẹjọ́.

Ó rí Erin. Ó ní kí ni mo jẹ tí wọ́n fi di mí lẹ́nu bí ewúrẹ́ tó wọ oko olóko. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní bàbá mi hanrun títí tó fi dàgbà, tí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á mọ̀ pé baálé wà nílé. Ó ní ẹni tó bá ń hanrun, ara rẹ̀ le. Mi ò jiyàn. Ta ló ń bá Yèyé jiyàn?

Ọjọ́bọ̀, 15/10

Ọjọ́ burúkú.

Iná wà mọ́jú. Mo sùn. Mo sùn bí ọmọ ènìyàn! Àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe. Mo lajú: Yèyé wà nílẹ̀, gèlè ti tú. Múrítàlá, aládùúgbò mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kànsù, dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti pákò lẹ́nu. Boniface, katikíìsì wa, ń wọ́n omi mímọ́ sí mi lórí, ó ti ń bẹ àwọn áńgẹ́lì pé kí wọ́n wá pàdé ọkàn mi.

Yèyé ló fetí sílẹ̀ láti yàrá kejì, tí kò gbọ́ kí n hanrun. Ó gbé àtùpà wọlé, ó rí ohun tó bò mí lójú, ó rí i pé mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ló bá kígbe pé ọmọ òun ti lọ nìyẹn.

Mo yọ ìbòjú, mo ní ẹ káàárọ̀. Múrítàlá ti dé títì kí pákò tó jábọ́.

Wọ́n padà wá rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín ò pa mí. Òru kan ṣoṣo tí mo sùn bí alààyè, wọ́n kà mí kún òkú.

Ọjọ́ Ẹtì, 16/10

Ìròyìn náà ti dé ọ́fíìsì. Ẹnìkan bi mí bí ọ̀run ṣe rí. Gbọ́ingbọ́in — ọ̀gá wa — kàn ń wo àga mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20/10

Orí ń fọ́ mi bí ẹni gúnyán nínú rẹ̀. Lánàá náà bẹ́ẹ̀. Iná wà, Erin ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ mo jí bá ìbòjú nílẹ̀. Mo sùn lórí fáìlì, itọ́ mi ba ìwé ilẹ̀ àwọn ará ìlú Ute jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 22/10

Mo ti mú olè. Yèyé ni.

Lálaalẹ́ ló ń yọ ìbòjú lójú mi. Á dúró kí n bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ọkàn rẹ̀ á wá balẹ̀, á lọ sùn. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi. Kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní ṣé kí òun máa sùn ní ulé mi bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú ni?

Ojú tì mí. Inú sì ń bí mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24/10

Àdéhùn. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi láyà títí, ó ní òun ti rí i pé Erin ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kò burú, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Orí mi fúyẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Ọjọ́ Àìkú, 25/10

Òjò. Àrá. Tiráńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù, ó gbiná. Gbogbo wa dúró sábẹ́ òrùlé, a ń wò ó bó ṣe ń jó.

Ọjọ́ Ajé, 26/10

Kò síná.

Ọjọ́rú, 28/10

Múrítàlá yá mi ní jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù dà? Ọkọ̀ tò láti ilé epo títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́, àwọn awakọ̀ ń sùn síbẹ̀. Mo bá wọn tò. Mo sùn lójú òòrùn, ẹnìkan gbá mi lẹ́yìn, ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú sórí ìlà wa. Mo délé tòun ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo.

Ọjọ́ Ẹtì, 30/10

Mi ò dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ni mo fi ń mọ́jú. Bí mo bá dijú — ọ̀fun á dé, màá jí bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà.

Gbọ́ingbọ́in ní kí n lọ sinmi sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Mo bi Ọlọ́run lónìí pé kí ló dé tí Kò mú mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ló dé tó jẹ́ pé Á mú mi lọ, Á tún dá mi padà, Á tún mú mi lọ. Ó ti sú mi. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ ọ́: ó ti sú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 1/11

Yèyé ní kí n dùbúlẹ̀, òun á máa pè mí. Mo ní kò lè ṣe é, ó ti dàgbà jù. Ó ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́.

Bí èémí bá ti dúró, á fọwọ́ gbá mi láyà, á pè mí bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó dákú: Láníyì o! Láníyì, padà wálé o! Múrítàlá ní ilé wọn ń gbọ́. Mo sùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2/11

Ohùn rẹ̀ ti há. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kó lọ sùn, ó ní ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lòun bí mi, alaalẹ́ lòun ń bí mi báyìí.

Ọjọ́rú, 4/11

Ìbí ránṣẹ́. Ara ọmọ tuntun ò yá. Kò tíì lè wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7/11

INÁ DÉ! Gbogbo àdúgbò pariwo. Erin hó wùù nígbà tí mo dán an wò. Omi bọ́ lójú mi.

Yèyé ní ó kù sọ́wọ́ Erin nìyẹn, òun ti gba ìsinmi. Ó sùn sórí àga ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ń jẹ iṣu. Ó ń hanrun, mo rẹ́rìn-ín: ẹni tó bá ń hanrun, ara rẹ̀ le.

Ó dákẹ́.

Mo dúró kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń jà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn, atẹ́gùn kankan ò wọlé. Mo ké: Yèyé! Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ lódò, ó tún ń hanrun lọ. Lẹ́yìn náà, ó tún dákẹ́.

Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí Ìbí ń gbọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyí. Ìyá mi sì ń dá sùn ní Ìjàgbà. Ta ló ń pè é?

Ọjọ́ Àìkú, 8/11

Mo sọ fún un. Ó ní oorun àgbà ni. Ó ní bí Ìbí bá ti dé, òun ń padà sídìí kòkó òun. Uná ò dé ahéré òun rí, òun ò sì tíì kú.

Mi ò jẹ́ kó rí ojú mi. Ẹ̀rọ kan ló wà. Àwa méjì.

Ọjọ́ Ajé, 9/11

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà kí n fi Erin sí i lójú lálẹ́ àná. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé ọwọ́ lé e láyà kí n tó gbà pé ó wà láàyè. Mo jókòó tì í, mi ò sùn.

Ó jí láàárọ̀, ó fọwọ́ pa orí, ó ní orí òun ò fúyẹ́ báyìí rí láti ìgbà tí òun ti bímọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fọ ìbòjú náà fúnra rẹ̀, ó sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè ohun tí a óò jẹ:

Alẹ́ òní ńkọ́, Láníyì, ta ló kàn?

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ti tẹ́ ẹní. Mo ti ká ìbòjú wọlé, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.