Ikọ́ Bàbá Yín Nínú Àpótí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun sùn? Ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ni ín.

Bàbá yín ti ń sọ̀rọ̀ o! Fara balẹ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun tí ohùn rẹ̀ sì lọ, orí síléètì ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Kó tó kọ èébú kan tán, mo ti wọ ilé ìdáná lọ. Gbogbo ìjà ni mò ń borí, kò sì dùn mọ́ mi rárá, ilé kàn pa rọ́rọ́ ni.

Ni ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa bá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ wá, èyí tí o ń pè ní alágbèéká, tó wúwo ju ọlọ lọ. Ó yọ sípíkà lára rédíò tó ti kú, ó fi wáyà so ó mọ́ ọn, ó di bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ pọ̀ fún un, ó wá ń kọ́ ọ ní ìró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Bí bàbá yín bá tẹ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà yẹn, àpótí ni mo ń pè é, á kà á síta bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo kí ẹni tó wà nínú rẹ̀, mo ní ṣé ó ti jẹun, kò dá mi lóhùn. Wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo máa ń daṣọ bò ó bí mo bá fẹ́ wẹ̀.

Bàbá yín ní ohùn yẹn kì í ṣe tòun, pé òun kì í sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ wúkọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ ẹ gbọ́ ikọ́ yẹn rí tí ẹ ò sá kúrò lórí àga rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni alátùn-únṣe fi wá ikọ́. Àkọ́kọ́ dà bí ewúrẹ́ tó sín. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde, èmi fúnra mi fò dìde lórí àga náà.

Ìjà wá padà wálé, lónìí iyọ̀ pọ̀, lọ́la iyọ̀ ò tó. Bó bá ti ń le jù, mo máa ń pa ìdérí àpótí dé.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí: ó tẹ ọ̀rọ̀ kan pamọ́ dè ọ́, ó ní ọjọ́ tí o bá pè lórí fóònù ni àpótí á sọ ọ́, kí n má fọwọ́ kàn án. Èmi ò kúkú fọwọ́ kàn án. Àkísà ni mo fi ń nu eruku orí rẹ̀, ló bá wúkọ́. Mo ní ó tán, ó fẹ́ fẹjọ́ mi sùn. Àpótí ní, ọmọ òun, pé ìyá rẹ ń tọ́jú òun, bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, òun ì bá ti kú. Ó ní kí o má sọ fún mi o, kí n má baà fi ṣe fáàrí kiri àdúgbò.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, àkísà yẹn náà ni mo fi nujú. Àpótí ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "ṣùgbọ́n" ni bátìrì kú.

Bàbá yín ò mọ̀ pé mo gbọ́. Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì ránṣẹ́ kíákíá, kí o sì pè é. Ohùn tìrẹ ò ní di àwátì láé, a ò ní fi àpótí wá ọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló kù níbẹ̀, sọ fún un pé mo ti ń dúró dè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ