Kókó Inú Ètè Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ti tẹ ibi pupa. Ọmọ mi obìnrin ní tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, kí n máa sọ̀rọ̀, fóònù á pa á mọ́. "Bàbá, ohun tẹ́ ò bá lè bá mi sọ, ẹ bá a sọ." Mi ò mọ̀wé. Ẹnu ni mo ní. Ẹnu náà ló wá ń yọ mí lẹ́nu báyìí.

Kókó kan wà nínú ètè mi ìsàlẹ̀, lápá òsì. Kò dùn mí. Ó rí róbótó bíi hóró ẹ̀wà, ahọ́n mi ò sì jẹ́ kó sinmi. Mo sọ ọ́ ní Ayálégbé — ó wọlé láìbéèrè, kò sì fẹ́ jáde.

Ọlọ́pàá rí i lónìí níbi tí mo ti ń yán. Ọmọ mi yìí náà ni Ọlọ́pàá. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sóhun tí kì í yẹ̀ wò lára mi. Ó ní kí n ya ẹnu. Mo ní ìyá rẹ̀ náà ya ẹnu. Ó yí padà, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ń fọ abọ́, ó ń sunkún. Ó dáa, mo máa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ilé ìwòsàn eyín. Bẹ́ǹṣì gígùn, ògiri funfun, gbogbo èèyàn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Dókítà obìnrin, kò ju ọmọ mi lọ. Ó yí ètè mi síta bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wọ́pọ̀." Ó ní irú kókó báyìí pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ àwọn, pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní ti aboyún wà, tó máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ti ẹni tí eyín àtọwọ́dá ń ha. Ti ẹni tó máa ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Mo dìde, mo jáde. Ó wọ́pọ̀! Ọlọ́pàá ń sáré tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń bẹ dókítà, ó ń bẹ èmi náà. Mi ò wẹ̀yìn. Dókítà Ó-Wọ́pọ̀ — orúkọ rẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Kí n sọ ọ́, kó kúrò lọ́kàn mi.

Ìyá wọn ní kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. A lọ rí dókítà kan níbòmíràn. Bàbá àgbà, gíláàsì lójú, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ó wọ́pọ̀, kó máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Inú wa dùn. Nígbà tí à ń bọ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ àsọjù ló mú kí ahọ́n wú. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ omi iyọ̀, alẹ́ omi iyọ̀. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tó yá, kò lè gbé itọ́ mì. Obìnrin tó ń bá gbogbo àdúgbò jiyàn, tó sì ń borí, ìka ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Jẹjẹrẹ.

Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo gbà. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á rí oorun sùn.

Tèmi yìí, kó kúkú jẹ́ irú tiẹ̀. Tó bá jẹ́ irú tiẹ̀, á jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gbogbo-Ẹ̀-Á-Dáa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Awakọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, yàrá wa sún mọ́ra. Ọlọ́pàá ti sọ fún un pé dókítà fẹ́ gé kókó náà. "Bàbá aránbàtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e! Gbogbo ẹ̀ á dáa." Ohun tó sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn kí wọ́n tó já sí kòtò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo padà lọ. Ọlọ́pàá ò jẹun láti àná, orí kunkun tèmi ló jogún.

Aboyún kan jókòó tì mí, ó fi ẹran ìdí eyín rẹ̀ hàn mí. Kókó pupa, bí ogbe orí àkùkọ. "Ọkọ mi ní ṣé ẹnu ni mo fẹ́ gbà bímọ ni." Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Okùn sálúbàtà rẹ̀ ti já. Ìṣó wẹ́wẹ́ wà lápò mi, òòlù kékeré wà nínú báàgì. Mo kó ìṣó sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń kàn án.

Nọ́ọ̀sì figbe ta. Dókítà jáde. "Bàbá, ẹ má yọ wọ́n! Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Gbogbo orí ìṣó ló sùn lé Ayálégbé lórí.

"Ìgbà wo lẹ ti ń kó ìṣó sẹ́nu?"

"Kí n tó hu irùngbọ̀n."

Ó ní ohun tó ń ha ibẹ̀ nìyẹn, tí ẹran ibẹ̀ fi le, tó sì wú. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní rárá. "Ojú lè tan èèyàn jẹ. Èyí tí mo bá gé, mo máa ń fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó. Abẹ́rẹ́. Abẹ. Kí n tó ṣe tán láti bẹ̀rù, Ayálégbé ti wà nínú ìgò. Kékeré báyìí! Ojú tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n fi okùn rán ètè mi. Aránbàtà tí wọ́n rán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Èsì dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ọlọ́pàá dì mọ́ mi, ó dì mọ́ dókítà, ó kù díẹ̀ kó dì mọ́ àga. Mo ní kó lọ bá mi wá omi. Nígbà tó jáde, mo bi dókítà pé: tó bá jẹ́ èyí burúkú ńkọ́, bó ṣe kéré tó yẹn?

Ó ní àwọn ì bá tún gé díẹ̀ sí i láyìíká. "Tí a bá tètè rí i, Bàbá, ọ̀pọ̀ ló ń yè é."

Mo wá sọ ti ìyá wọn fún un. Ahọ́n. Gíláàsì. Omi iyọ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, sọ ọ́."

"Mi ò lè búra pé wọn ì bá yè, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà yẹn ti gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà."

Ọlọ́pàá gbé omi dé. Mo mu ún tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Gbogbo-Ẹ̀-Á-Dáa jó wọlé láàárọ̀ yìí. "Ọlọ́run ló ṣe é! Kò jẹ́ kó jẹ́ èyí burúkú!"

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Nígbà tí ìyá wọn kú, ìwọ náà lo sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Dókítà tèmi gé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà tìyá wọn ò fọwọ́ kàn án. Èwo ni Ọlọ́run ṣe níbẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀kùn. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

Ó lọ. Kò sọ pé gbogbo ẹ̀ á dáa.

Ọlọ́pàá wà ní ilé ìdáná. Ó ń kọrin. Mo ti gbàgbé pé ó lóhùn. Ó bi mí láti ibẹ̀ pé, "Bàbá, kí ni dókítà bá yín sọ nígbà tí mo lọ bu omi?"

Mo ní kò sọ nǹkan kan.

Ó tún ń kọrin rẹ̀ lọ.