Abo Ẹlẹ́dẹ̀ Yín Ń Wá Koríko Lórí Sìmẹ́ńtì

Bàbá mi tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn lójoojúmọ́,

Ara mi ò balẹ̀. Abo tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ fọwọ́ yín sìn ní Mọ́níyà fẹ́ bímọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lónìí, n kò sì mọ̀ bóyá ibi tó wà ló yẹ kó bí wọn sí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Bọ̀dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, àwọn náà ti di àgbẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ìdajì ọgbà, wọ́n sì fi irin ṣe yàrá tóóró tí abo ò ti lè yí padà, kó má baà sùn lé àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n tì í mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò burú. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ọ̀kan tẹ àwọn ọmọ rẹ̀ pa nínú koríko tí ẹ tẹ́ fún un? Ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ sìmẹ́ńtì ní wàhálà tirẹ̀. Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ ń ṣàn dé ẹ̀yìnkùlé Àlhájì aládùúgbò wa, òórùn rẹ̀ ò ṣeé fara dà. Láyé yín, koríko àti èérún pákó tí ẹ ń kó wá láti Bódìjà ló ń fa gbogbo rẹ̀ mu. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lórí sìmẹ́ńtì ń bu ara wọn nírù jẹ. Ẹran wọn ń tú omi sínú epo Ìyá Títí, tó ń dín ẹran fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbówó. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú ẹrẹ̀, bíi tiyín, ló ń bèèrè. Àwọn tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà ńkọ́, pé ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ṣùkù àgbàdo họ ẹ̀yìn abo yìí títí yóò fi sùn lọ, kí ni kí n ṣe?

Láàárọ̀ yìí, mo lọ wò ó nínú irin. Kò sí koríko kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń fẹnu kó o jọ, ó ń fẹsẹ̀ ha sìmẹ́ńtì, ó fẹ́ tẹ́ ibùsùn fún ọmọ. Bàbá, ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí ọwọ́ yín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí ẹ tó fi wá sílẹ̀, bó ṣe ń ha aṣọ nígbà tí ẹ fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà tí agbára ò sí mọ́. Mo sunkún níbẹ̀.

Mo ti dìde lọ ṣílẹ̀kùn irin náà. Ó ti wọnú koríko lọ ní ìdajì ọgbà tó kù. Bọ̀dá mi ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọn á sì bínú gidi. Èmi ni màá jókòó tì í, màá máa fọwọ́ fa ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó ti dùbúlẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.