Ọ̀dà Búlúù Lára Ọ̀pá Mi

Màámi, ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ara èmi le koko bí ọta.

Lọ́dọọdún, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwa agbábọ́ọ̀lù àti àwọn alátìlẹ́yìn wa la jọ ń fi ọ̀dà búlúù kun gbogbo àga pápá. Àwọn yòókù gun òkè lọ. Ìlà ìsàlẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fún mi. Atẹ́gùn ibẹ̀ dáa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, mo kùn ún tán.

Bí mo ṣe ní kí n dìde, n kò rí ọ̀pá mi. Àṣé aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa rò pé irin àga ni, ó ti kùn ún mọ́ àga! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó ní òun á pọ̀n mí títí ọ̀dà á fi gbẹ. Mo ní rárá o! Èjìká rẹ̀ nìkan ni mo dì mú, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má bi mí pé ọ̀pá wo. Ọ̀pá lásán ni, fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó máa wọ bàtà bọ́ọ̀lù mi ná, kí awọ rẹ̀ má baà gbẹ kí n tó dé.